Káún tí mo dà sínú omi Alájì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ọwọ́ mi kọ́ ló kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù ẹ̀, èmi ń sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ibẹ̀ yẹn làwọn èèyàn ti máa ń sọ ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn, tí àwọn tí wọn ò mọ̀ wọ́n rí á gbà wọ́n nímọ̀ràn. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ń já, ẹ fara dà á fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mọ́kànlá. Obìnrin kan kúrò nílé ọkọ ẹ̀ torí ohun tí èmi ṣe. Kò mọ̀ pé èmi ni. Ó ń kí mi, ó ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo ti rò pé màá gbé e wọ sàréè. Àmọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó bẹ̀ mí níṣẹ́ kan. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni màá jẹ́ iṣẹ́ náà. Òun ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí.

Èjìgbò ni mo wà. Àwọn orúkọ tí màá pè, kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Mo ti bá ọmọ yìí sọ ọ́ pé kó má kọ tèmi rárá.

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, èmi náà lọ sí Kodifúà. Mo ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó àwọn ẹlòmíì, mo padà wálé pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro. Nígbà tí ìyàwó mi kú, Alájì ní kí n wá máa gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé òun, kí n máa bá òun mójú tó ilé. Àbíjáàn ni Alájì ti ń tajà ní tiẹ̀, ó máa ń lo oṣù mélòó kan níbẹ̀, á tún lo díẹ̀ nílé. Mo jù ú lọ, ó sì ń pè mí ní Bàbá. Ó ní ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í yá lòun ń wá.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni ìyàwó àkọ́kọ́ bí fún un. Ká máa pè é ní Múfú. Ìyá ẹ̀ ti kú tipẹ́. Àbíjáàn ni Múfú dàgbà sí, etí òkun ni wọ́n ń gbé. Ó ní àpótí gíláàsì ńlá kan tó rọ omi òkun sí nínú yàrá. Ẹja wà níbẹ̀, àmọ́ ẹja kọ́ ló fẹ́ràn jù. Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní kọráàyì. Tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ ó ní òkúta tó yọ òdòdó ni. Ẹ̀mí wà nínú ẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá tàn, á na ọwọ́ wẹ́wẹ́ síta. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á kó o padà wọlé.

Àìsàn ọjọ́ mélòó kan ló pa Múfú. Kò tíì gbéyàwó.

Alájì ò lè fi àpótí yẹn sílẹ̀ fún àjèjì. Ó gé díẹ̀ lára kọráàyì náà, kò ju ìkúùkù mi yìí lọ, ó gbé e sínú kúlà pẹ̀lú ẹja méjì. Ó gbé e gba bọ́dà mẹ́rin kọjá wá sí Èjìgbò. Gbogbo ìgbà tí àwọn aṣọ́bodè bá ní kó ṣí kúlà, á sọ fún wọn pé, "Ọmọ mi ló wà níbẹ̀." Wọ́n rò pé orí ẹ̀ ti dà rú.

Ó ra àpótí gíláàsì tuntun, ó gbé e sí pálọ̀, ó fi sólà sórí ilé torí ẹ̀. Ó wá jókòó tì mí, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò nílé, ẹ̀kọ́ yẹn ló ń kọ́ mi.

Ó ní, "Bàbá, omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Tí omi bá fà wálẹ̀, omi tí ẹ̀rọ ti sẹ́ ni kí ẹ fi kún un dé ojú àmì, ẹ má fi oníyọ̀ kún un." Mo gbọ́.

Ó ní kọráàyì yẹn ń fi ẹfun inú omi kọ́ egungun ara ẹ̀ lójoojúmọ́, bí ìgbín ṣe ń kọ́ ìkarahun. Nítorí náà agbára omi á máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀tù funfun kan wà nínú ike. Ṣíbí kan láràárọ̀, kí n pò ó pẹ̀lú omi nínú kọ́ọ̀bù, kí n máa dà á sínú àpótí díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé kí ni ẹ̀tù náà. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ká ṣáà ní káún òyìnbó ni, Bàbá."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá agbára omi ṣì pé, ìgò kékeré kan wà tá a máa fi gbọ́n ọn. Oògùn kan wà tá a máa kán sí i. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ á sọ omi náà di àwọ̀ aró. Ẹ ó máa kán an lọ, ẹ ó máa mì í, ẹ ó máa kà á. Ibi tó bá ti kúrò ní àwọ̀ aró tó di àwọ̀ òróró ẹ̀pà, ẹ dúró. Ẹ̀kán mẹ́jọ ni Alájì fẹ́. Kó má dín, kó má lé.

Ọmọ aláró ni mí. Ìdí ìkòkò aró ni ìyá mi tọ́ mi sí. Àwọ̀ ò lè tàn mí jẹ. Alájì gan-an a máa wo ìgò náà títí, kò ní mọ̀ bóyá ó ti yí tàbí kò tíì yí. Èmi á wò ó lẹ́ẹ̀kan, màá ní ó ti yí. Á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Sè bọ́n, Bàbá." Ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún pé ó dáa. Àwọn àlejò tó bá wá á ní, "Ẹ ń lẹ́ o, Dókítà Omi." Mi ò ní purọ́ fún yín, orúkọ yẹn dùn mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó pè mí ní nǹkankan tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń sọ kó tó padà sí Àbíjáàn. Á ní, "Bàbá, kì í ṣe àìtó ló ń pa wọ́n. Ìyípadà òjijì ló ń pa wọ́n. Tó bá lọ sílẹ̀, ẹ má sáré gbé e sókè. Ẹ̀kán kan lójúmọ́, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ." Mo máa ń ní mo ti gbọ́.

Ìyàwó tó wà nílé nígbà yẹn ni Ìyá Sàfúrà. Ọmọ Màsífà tó wà nítòsí wa ni, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti bí i. Ó gba Ìsìláàmù kó tó fẹ́ Alájì. Sàfúrà nìkan ló bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà náà. Ẹlẹ́rìn-ín ni Ìyá Sàfúrà. Kò sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ ọdún Iléyá kan, ilé kún. Alájì ń fi kọráàyì han àwọn èèyàn. Ìyá Sàfúrà gbé oúnjẹ kọjá, ó ní, "Alájì, ẹ má jẹ́ kí n rí ọjọ́ tí ẹran á wọ́n o. Ilá díẹ̀, káún díẹ̀, omi yín yìí ti di ọbẹ̀. Iyọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Alájì ní, "Bàbá, ẹ bá mi ṣọ́ ìyàwó mi." Mo ní, "Mò ń ṣọ́ wọn." Hàjíà, ẹ̀gbọ́n Alájì obìnrin, wà níbẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ rèé.

Ọ̀rẹ́ mi kan kú ní ìlú Ọlá. A jọ ṣe kòkó ní Kodifúà ni. Alájì wà ní Àbíjáàn, ó sì ti ní kí n má fi omi sílẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ. Mo sọ fún Ìyá Sàfúrà pé kó bá mi máa bu omi sí i dé ojú àmì. Mi ò kọ́ ọ ní ti ẹ̀tù. Mo rò pé ọjọ́ méjì ni màá lò. Ṣé ẹ rí i, ká ní mo kọ́ ọ ni, àwọn èèyàn á mọ̀ pé ohun tí Dókítà Omi ń ṣe ò ju ṣíbí kan lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò ní Ọlá. Mi ò rí ìdí kan pàtó. Wọ́n ń fún mi lóúnjẹ, a ń sọ̀rọ̀ òkú.

Ọjọ́ kẹsàn-án yẹn, wọ́n pè mí lórí fóònù pé Alájì ti kúrò ní Àbíjáàn, pé ọ̀sán ọ̀la ló máa wọlé. Mo gun ọ̀kadà, mo wálé kíá. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Kò sẹ́nìkan nílé. Ìyá Sàfúrà ti lọ kí ìyá ẹ̀ ní Màsífà pẹ̀lú ọmọ ẹ̀.

Omi wà lójú àmì. Ó ṣe é dáadáa. Kọráàyì ṣì na ọwọ́ síta, àmọ́ kò na tán bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbọ́n omi sínú ìgò, mo kán oògùn. Ẹ̀kán márùn-ún, ó ti yí.

Mo ṣí ike ẹ̀tù. Mi ò dé e dáadáa kí n tó lọ, òjò ti fẹ́ sí i láti ojú fèrèsé. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ̀tù kù sí tẹ́lẹ̀, òun náà sì ti dì gbagidi, ó ti yí àwọ̀. Mi ò lè lò ó.

Mo jókòó. Mò ń rò ó pé tí Alájì bá dé lọ́la, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó kán oògùn. Á ka márùn-ún. Á wojú mi. Kò ní bú mi, kì í bú mi. Àmọ́ kò ní sọ pé "sè bọ́n". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Torí ìyẹn ni mo ṣe ohun tí mo ṣe.

Mo rántí ìyá mi. Bí ìkòkò aró bá rẹ̀, tí kò mú aṣọ mọ́, á fi omi eérú kún un. Nígbà míì á fọ́ káún sí i. Tó bá di ọjọ́ kejì, aró ti jí padà. Mo rántí ohun tí Alájì sọ, pé káún òyìnbó ni. Mo ní, káún òyìnbó, káún wa, ṣé kì í ṣe káún náà ni?

Mo wọ ilé ìdáná Ìyá Sàfúrà. Káún ẹ̀ wà nínú agolo lórí pẹpẹ. Mo mú un, mo fi ọmọ ọlọ fọ́ ọ, mo pò ó pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú abọ́ ẹ̀, abọ́ pupa kan tó ní òdòdó. Mo gbé e lọ sí pálọ̀, mo dà á díẹ̀. Mo dúró. Mo kán oògùn. Ó di mẹ́fà.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni. Ẹ̀kán kan lójúmọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti ṣe ti ọjọ́ yẹn. Àmọ́ mẹ́jọ ni mo fẹ́. Mo wo kọráàyì, kò ṣe é ní nǹkankan. Mo da ìyókù sí i tán. Mo lọ kí Jímọ̀, èrò pọ̀ níbẹ̀, mi ò bá ẹnì kankan tó mọ̀ mí pàdé.

Nígbà tí mo dé, omi ti funfun bí ògì. Mi ò rí ẹ̀yìn àpótí. Ohun kan ń já bọ́ nínú omi náà bí ìyẹ̀fun, ó ń bà lé òkúta. Àwọn ẹja méjèèjì wà lókè, ẹnu wọn ń ṣí, ó ń pa dé. Mò ń gbọ́n omi náà jáde, mò ń da omi ẹ̀rọ sí i, ó ń burú sí i ni. Nígbà tó fi di ìrun àsárì, ẹja ti kú. Kọráàyì kó gbogbo ọwọ́ ẹ̀ wọlé. Lẹ́yìn náà ara ẹ̀ ń tú bí ara ẹran tí wọ́n bọ̀ jù. Egungun funfun ló kù. Ó ń rùn.

Mo fi ọwọ́ mi yọ díẹ̀ nínú ara yẹn kúrò nínú omi. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo nù ún mọ́ aṣọ mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, àṣìṣe ni, màá ní àìmọ̀ ni. Èyí tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé àpò tí mo gbé ti Ọlá bọ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Kò sẹ́ni tó rí mi nígbà tí mo wọlé láàárọ̀, kò sẹ́ni tó rí mi nígbà tí mo jáde. Mo lọ sùn lọ́dọ̀ ojúlùmọ̀ mi kan ní òpin ìlú, tí kò mọ ará ilé Alájì. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbé àpò náà kọ́ èjìká, mo wọlé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Ọlá bọ̀.

Mo gbàgbé abọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé, Alájì ti dé. Kò tíì bọ́ bàtà. Ó ti ki ọwọ́ sínú omi pẹ̀lú apá agbádá, ó gbé kọráàyì náà jáde, ó gbé e dání. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn ń wò ó. Ìyá Sàfúrà ń sunkún ní tiẹ̀. Àná nírọ̀lẹ́ ló ti bá a bẹ́ẹ̀, kò rí Alájì bá sọ̀rọ̀ torí fóònù ò wọlé lójú ọ̀nà. Hàjíà wà níbẹ̀. Òun ló gbé abọ́ náà sókè.

Ó ní, "Abọ́ ta nìyí?"

Ìyá Sàfúrà ní, "Abọ́ mi ni, Hàjíà."

"Kí ló lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀ yìí?"

"Káún ni. Káún mi ni. Àmọ́ èmi kọ́ o."

"Ṣebí ìwọ lo ní wàá fi ilá àti káún sè é? Létí èmi yìí."

"Hàjíà, àwàdà ni. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

Hàjíà ní, "Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn."

Alájì bi í pé ta ló ń fọwọ́ kan omi látìgbà tí Bàbá ti lọ. Ó ní òun ni, pé òun ń bu omi sí i láràárọ̀, dé ojú àmì, bí Bàbá ṣe ní kóun ṣe. Òótọ́ ló ń sọ. Bó ṣe ń sọ òótọ́ náà ni ẹ̀sùn náà ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Alájì wá yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ omi yìí. Ta ló ṣe é?"

Mo ní, "Èmi ò sí nílé."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ta lẹ rò pé ó ṣe é?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Ìyá Sàfúrà ń wò mí. Mo ní, "Ọlọ́run ló mọ̀."

Ọmọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí ti dúró. Ó ń wojú mi. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Alájì gbé kọráàyì náà lé orí tábìlì. Ó sọ fún Ìyá Sàfúrà pé, "Ó kú lójú mi nígbà àkọ́kọ́, mo gbà fún Ọlọ́run. O tún wá pa á lẹ́ẹ̀kejì. Kó ẹrù ẹ." Àwọn èèyàn bẹ̀ ẹ́. Lèmọ́mù bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Ó ní torí pé kò bí ọkùnrin fún òun ni inú ẹ̀ ò ṣe dùn sí ohun tó kù lára Múfú.

Ìyá Sàfúrà kó ẹrù ẹ̀ sórí ọ̀kadà méjì. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo rò pé ó ti mọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Gbogbo wọn nawọ́ sí mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò nawọ́ sí mi." Sàfúrà dúró lẹ́yìn ẹ̀ pẹ̀lú báàgì ilé ìwé. Mo ní, "Ó dáa. Ẹ máa lọ ire."

Ohun tí mo sọ nìyẹn. "Ẹ máa lọ ire."

Ọdún mọ́kànlá rèé. Tí Ìyá Sàfúrà bá ti sá iṣu gbẹ tán ní Màsífà, tó lọ̀ ọ́, àpò èlùbọ́ kan á dé ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí mo ṣubú tí ẹsẹ̀ mi kán, ó wá, ó bá mi fọ aṣọ, ó bá mi bomi gbígbóná sí ẹsẹ̀. Ọmọ tí mo bí gan-an ò lè wá nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á máa sọ ọ́ pé bàbá kan wà nílé ọkọ òun tí kò lè purọ́ mọ́ èèyàn. Mo ti jẹ èlùbọ́ yẹn. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ yìí ti jẹ ẹ́.

Alájì ti fi Àbíjáàn sílẹ̀, ó ti wálé pátápátá. Ojú ẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Àpótí yẹn ṣì wà ní pálọ̀, kò sí omi níbẹ̀, aṣọ fèrèsé ló ta bò ó. Ó máa ń ní kí n wá bá òun jókòó. Kò pè mí ní Dókítà Omi mọ́, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún kan, a jókòó bẹ́ẹ̀, ó ṣàdédé ní, "Bàbá, mo máa ń rò ó nígbà míì pé ṣé òun ni lóòótọ́." Ó ń retí mi. Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ahọ́n mi. Mo ní, "Alájì, wọ́n ti pe ìrun." Wọn ò tíì pe ìrun. A dìde, a lọ ṣe àlùwàlá.

Torí náà, ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣe é.

Ní báyìí, ọkọ ti dé fún Sàfúrà. Ọmọ dáadáa ni, Mùsùlùmí ni. Wọ́n fẹ́ so yìgì. Bàbá ọmọ ló yẹ kó dúró bíi wálì, kó fi ọmọ fọ́kọ. Alájì ní òun ò dúró. Ó ní òun ò ní mú ọwọ́ ọmọ obìnrin yẹn lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé ìyá ẹ̀ ní Màsífà, onígbàgbọ́ ni gbogbo wọn, wọn ò lè dúró. Wọ́n ní lèmọ́mù lè dúró fún un. Sàfúrà ní òun ò fẹ́ lèmọ́mù. Ó ní òun ní bàbá, kò kú, Èjìgbò ló wà. Ó ní tí bàbá òun ò bá dúró, òun ò ṣe. Ilé ọkọ ti ń bínú. Wọ́n ní kí ló dé tí bàbá ọmọ fi ń sá fún ọmọ ẹ̀.

Ohun tí Ìyá Sàfúrà bá wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Ó ti ń hewú. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, gbogbo èèyàn ló ti bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin nìkan ló kù. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, á gbọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, èmi àti Sàfúrà á wá mú yín, ká jọ lọ."

Mo ní, "Màá lọ."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀ àtijọ́ yẹn. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé Ọlọ́run ló mọ̀ o, Bàbá. Ẹ bá mi fi díẹ̀ kún un lọ́tẹ̀ yìí."

Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mi ò lè sùn látìgbà náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ bi yín rèé. Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́. Ọmọ yìí ni ẹlẹ́rìí mi, ó ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Tí mo bá kọ́kọ́ lọ bá Alájì, ó lè gbà láti dúró fún Sàfúrà, ó sì lè ní kí n kó ẹrù mi. Ẹrù mi ò tó nǹkan, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé Ìyá Sàfúrà á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ìyẹn ò dáa. Tí mo bá wá kọ́kọ́ lọ bá a ní Màsífà, màá dúró níwájú ẹ̀, màá sọ pé èmi ni. Mi ò mọ ojú tí màá fi wò ó. Tí mo bá sì dúró di ọjọ́ Jímọ̀, tí mo sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn nínú pálọ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, ṣé kì í ṣe pé mo tún bà á jẹ́ mọ́ Sàfúrà lọ́wọ́?

Alájì kọ́ mi pé ìyípadà òjijì ló ń pa ohun alààyè inú omi yẹn. Ẹ̀kán kan lójúmọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mo ti pẹ́ jù.

Ọmọ yìí ní kí n lọ sí Màsífà lọ́la, pé òun á tẹ̀ lé mi. Ó sọ ọ́ láìwojú mi.

Ìyá Sàfúrà, tí ẹnìkan bá ka èyí fún ẹ kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ, èmi ni. Jọ̀ọ́. Èmi ni mo mú káún ẹ lórí pẹpẹ. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ọmọ yìí á kà á fún mi. Àpò èlùbọ́ tó gbé wá lọ́jọ́ Àìkú ṣì wà ní igun yàrá. Mo ti ní kí wọ́n má tú okùn ẹnu ẹ̀.